Bí Èmi àti Làmídì Ṣe Padà Sídìí Ọkọ̀ Ojú Irin ní Jẹ́bà

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Jẹ́bà níbi, mo sì kí gbogbo àgbà agbo ilé wa ní Bẹ̀yẹrúnkà n'Ìbàdàn, ẹ kú àbójútó wa. Ẹ̀gbọ́n mi Àkànní, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú oòrùn. Àdùkẹ́ aya mi, mo kí ọ, kí o bá mi gbé ọmọ wa mọ́ra. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sí, kí ẹni tó bá mọ̀wé nínú yín lè kà á sókè lójúde. Gbogbo yín lẹ rí mi nígbà tí mo wálé láìníṣẹ́. Ó yẹ kí gbogbo yín náà gbọ́ bó ṣe rí báyìí.

Ara mi le. Iṣẹ́ ti bọ̀ sípò. Mo tún ti ń wa ọkọ̀.

Àwọn òǹkàwé tí kò mọ̀ wá yóò fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ ojú irin ni mí. Nígbà tí ogun Jámánì gbóná, èédú tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó kò dé bó ṣe ń dé tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ sì dínkù. Àwọn ọ̀gá pe díẹ̀ nínú àwa awakọ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé ná, pé àwọn yóò ránṣẹ́ pè wá bí nǹkan bá rọ̀. Wọn kò lé wa, wọn kò sì dá ìgbà fún wa. Bí mo ṣe di ẹrù mi nìyẹn tí mo wálé.

Ìyá mi, ẹ ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Oúnjẹ lẹ kàn ń bù fún mi, ẹ sì ń bu ẹran tó yẹ kí ẹ jẹ mọ́ ọn. Ẹ̀yin kọ́ ló ni mí lára. Àwọn ará ìta ni. Bí mo bá gba Bẹẹrẹ kọjá, ẹnìkan á ní, "Awakọ̀, ẹ ò tíì padà?" Bí mo bá dé Ọjà'ba, ẹlòmíràn á tún béèrè ohun kan náà, yóò sì fi ẹ̀rín sí i. Kò pẹ́ tí mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí. Wọ́n mú mi lọ sóko, wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín nítorí bí mo ṣe ń di ọkọ́ mú, nígbà tó yá wọ́n gé ilẹ̀ kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó wọn. Mo kọ ebè síbẹ̀. Iṣu náà ta. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo rí i pé inú mi ń dùn.

Ìgbà tí Làmídì wá láti Àrẹ̀mọ lẹ rí i bí mo ṣe fò dìde. Ẹ rántí rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́, tí a jọ di awakọ̀, tí wọ́n jọ ní ká lọ sílé. Ó ti sáré kọjá Mápó, kò lè mí dáadáa, ó ní wọ́n ti ránṣẹ́ sí ìdíkọ̀, wọ́n ti ń pè wá padà. Ìyá mi, ẹ wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ́ wọn tì sára ògiri, wọ́n ní, "Àlàó, ilẹ̀ kì í sọ fún ènìyàn pé kó lọ sílé kó lọ dúró."

Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kàn mọ̀ pé ọwọ́ mi ń fẹ́ ibòmíràn.

Inú ọkọ̀ èrò ni wọ́n fi èmi àti Làmídì sí títí a fi dé Jẹ́bà. Ó ṣòro fún awakọ̀ láti jókòó bí èrò. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gun òkè, àwa méjèèjì á fún ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni pé àwa la ń tì í. Obìnrin kan tó gbé adìyẹ lọ́wọ́ bi wá léèrè bóyá inú ń run wá ni.

Jẹ́bà kò jọ Ìbàdàn rárá. Òkúta ńlá ńlá ló yí wa ká, Odò Ọya sì ń ṣàn lọ láàárín, ó fẹ̀, ó ń dán. Ọyẹ́ ibí ń la ètè; tó bá di ọ̀sán, oòrùn á tún mú irin gbóná débi pé ènìyàn kò lè fọwọ́ kàn án. Èdè Tápà ni púpọ̀ nínú àwọn aládùúgbò mi ń sọ. Wọ́n mọ èèyàn yẹ́ sí, ẹja wọn sì dùn, àmọ́ nírọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn bá jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, tí mi ò sì gbọ́ ìdajì rẹ̀, ìgbà náà ni àárò ilé ń sọ mí jù. Ọpẹ́lọpẹ́ Làmídì. Òun ló ń kírun, èmi ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, abọ́ kan náà la fi ń jẹun.

Nígbà tí a dé ibi iṣẹ́, a rí i pé nǹkan ti yí padà. Èédú ìlú òyìnbó kọ́ ni wọ́n ń lò mọ́. Èédú tuntun ni, èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Údì ní ìlà oòrùn. Kíá ló ń ràn, kíá náà ló ń jó tán, ìṣọwọ́dáná rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Àwọn ọ̀gá ní kò sí awakọ̀ tí yóò fọwọ́ kan ọkọ̀ èrò àfi tó bá kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ẹrù gun òkè tó wà lọ́nà Ìlọrin, lójú òyìnbó àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Làmídì ló kọ́kọ́ lọ. Ìdajì òkè ni ooru omi tó ń ti ẹ́ńjìnnì ti rẹlẹ̀, ọkọ̀ sì dúró gbọnin-in. Wọ́n ní láti fi ẹ̀yìn wà á padà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi ni wọ́n pè tẹ̀ lé e. Ìyá mi, n kò ní parọ́ fún yín, àyà mi já. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gun orí ẹ́ńjìnnì, tí mo gbọ́ bó ṣe ń mí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ara mi balẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ń da èédú síná pé kó má dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kó má sinmi. Mo ti rí i pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n da ti Làmídì, tó sì jó tán kó tó dókè, òun ló mú kí n mọ̀. A gun òkè náà. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, òyìnbó náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Mo délé bá Làmídì níbi tó ti ń di ẹrù. Ó ní òun ń lọ sí Àrẹ̀mọ, pé bàbá òun ṣì ń hun aṣọ, òfì kì í sì í dúró lójú òkè. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo wá bi í léèrè bóyá wọ́n ti ní kó má wá mọ́. Ó ní rárá, wọ́n fún un láàyè ẹ̀ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń dáná fún un kò mọ èédú náà, òun náà kò mọ̀ ọ́n, ojú kò sì ní ti òun lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Èmi ni n ó dáná fún ọ."

Ó ní, "Àlàó, awakọ̀ kì í dáná fún awakọ̀. Wọn á fi ọ́ ṣẹ̀sín."

Mo sọ fún un pé wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín ní Ọjà'ba, kò pa mí.

Òyìnbó náà kò kọ̀ nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ ba aṣọ mi jẹ́, tèmi ni. Àwọn awakọ̀ yòókù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n ń wò wá. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo gbé ṣọ́bìrì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ebè tí mo kọ lóko ẹ̀gbọ́n mi ti mú apá mi le, mi ò mọ̀ títí di ìgbà náà. Mo ń bù, mo ń dà. Nígbà tí a dé ibi tí ó ti dúró lọ́jọ́sí, mo gbọ́ tí Làmídì ń ṣe bísímílàhì sínú, kò sì wẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà fà, ó fà, ó rọra ń lọ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Làmídì fọn fèrè lórí òkè. Òfin kò ní kó fọn ọ́n níbẹ̀, òyìnbó náà sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín. Méjì nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ti wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ àwọn tó ń dáná fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi Àkànní, èsì ọ̀rọ̀ yín rèé. Ilẹ̀ ò lé mi, ẹ̀yin náà ò lé mi, mi ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ibí ni mo ti mọ ara mi. Wọ́n tún lè ní kí n lọ sílé lọ́la, mo mọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí mọ́. Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ máa wa iṣu tó wà ní ilẹ̀ yẹn jẹ. Ohun tí mo bá rí, n ó máa fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin àti ìyá wa.

Olúwa yóò dá ẹ̀mí gbogbo yín sí fún wa. Ọwọ́ yín kò ní kan ibi. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Kudeti, ẹ bá mi kí bàbá Làmídì ní Àrẹ̀mọ, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn ń jẹun, ó sì ń wa ọkọ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní èmi ni n ó máa wa ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Ìyá mi, ẹ ò tíì dé ìdíkọ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ mú yín wá. Ẹ má wá mi láàárín èrò o, iwájú pátápátá ni kí ẹ kọjú sí. Ẹni tí ẹ bá rí tí èédú ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú, tó bọ́ fìlà, tó sì dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta níwájú gbogbo ayé,

ọmọ yín ni,
Jákọ́bù Àlàó.