Sùtánà Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Rẹ

Naomi ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí o dákú láàárín àwọn akọrin, mo ní o ń díbọ́n kí o má baà dúró parí ìsìn, mo sì gba sùtánà rẹ, mo tì í mọ́ àpótí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Báwo ni Baruwa tí ẹ ń gbé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ilé yín kò ní tú. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ó sì ń retí kí gbogbo abúlé wá kí òun kú ewu ọmọ.

Lọ́jọ́ tí mo ṣubú ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì yín, tí ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, mo sọ fún dókítà pé mo ti jẹun, mo ti mumi. Irọ́ ni. Ààwẹ̀ tí o ní n kò gbọdọ̀ gbà mọ́ ni mo jí gbà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá, mo gbé e mì láìfi omi sí i, kí ààwẹ̀ má baà bàjẹ́. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi lórí ìdùbúlẹ̀, ó ní kí n dìde, ó tún un wọ̀n, ó já wálẹ̀ bí korobá inú kànga. Kò yé e, níwọ̀n bí mo ti ní mo jẹun, ló bá ní ó lè jẹ́ àyà mi, wọ́n lè ní láti ki bátìrì tí yóò máa mú un lù sí i.

Wọ́n wá lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ mi nídìí. Nọ́ọ̀sì Ganiyat ní ẹ̀rọ náà yóò kọ gbogbo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sí mi sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo fẹ́ mu ẹ̀kọ tí o gbé wá, mo fi táwẹ̀lì wé ẹ̀rọ náà kí ó má baà rí bí ebi ṣe ń pa mí tó. Mo tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì Ganiyat bi mí pé, Bàbá, kí ló dé tí ẹ pọ̀n ọ́n bí ọmọ tuntun. Mo bá jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ ààwẹ̀ jàre, bí àyà ṣe ń lù nìkan ló mọ̀, tèmi sì ń lù dáadáa. Ó lọ sọ fún dókítà, dókítà sì ní omi ló tán lára mi, oògùn sì tún fa ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Ó ní ọmọdé tí ara rẹ̀ le pàápàá lè dákú bó bá dúró pẹ́ nínú ooru láìjẹun, òógùn tútù ló máa ń kọ́kọ́ bò ó.

Naomi, mo rí òógùn yẹn lójú rẹ lọ́jọ́ tí o dákú náà.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra àga tí mo lè máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí o sì bu owó ọṣẹ ìyá rẹ kún un. Ọlọ́run yóò máa gbé ọ ró.

Babárìndé awakọ̀ ló gbé sùtánà rẹ dání wá yìí. Ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé kò lè gbà ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n yóò gba Títílọpẹ́ ọmọ rẹ. Bó bá ní ó ti rẹ òun, ẹ jẹ́ kó jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ