Iná Tí Mò Ń Retí

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá obì. Etí òkun tí a wà nílùú òyìnbó yìí tutù, ṣùgbọ́n ara wa le.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Iná lọ nílé wa, mo bá jókòó, mò ń retí kí wọ́n mú un dé, bí a ṣe ń ṣe ní Ṣàgámù. Mo rí iná nílé aládùúgbò, mo ní láìnì tiwọn ló yàtọ̀ sí tiwa. Ìyá àgbà tó ń gbé lódìkejì ló wá sọ fún mi pé tiwa nìkan ni wọ́n gé.

Mo pe iléeṣẹ́ iná. Wọ́n ní orúkọ ọkọ mi ló wà lórí mítà, òun nìkan làwọn lè dá lóhùn. Mo ní ó lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún Fàtíà ọmọ mi náà nìyẹn.

Obì tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tíì bàjẹ́. Mo fi ewé wé e kí òtútù má bàa pa á, èmi àti Fàtíà sì jọ ń gbé e sùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Kareemat. Tí Ọládiméjì ọkọ mi bá pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé nọ́ńbà mi kò yí padà.

Èmi ni Àjọkẹ́ yín.