Àdúà Tí Mo Gbà Sórí Iṣẹ́ Muadh

Sọ́ńdè, 5 Oṣù Kẹwàá 2025
Wáyà-Wáyà wá. Orúkọ tí mo sọ Muadh nìyẹn látìgbà tó ti ń fa wáyà láti òrùlé dé òrùlé ní Ojú Ẹlẹ́gbà fún àwọn oníkafé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni báyìí, ọ̀gá ni nídìí kí kọ̀ǹpútà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó jẹ ẹ̀bà tán, ó fọwọ́, ó ní, "Màámi, mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀." Bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Túsìdeè, 7
Mo pe Jameelah, àbúrò rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ ráyè gbọ́ ti ètò kọ̀ǹpútà tó ti ń kọ tipẹ́ — èyí tó ń wá ọ̀nà mìíràn fún ìsọfúnni tí ọ̀nà kan bá dí.
"Ó ṣí i sílẹ̀ ni, Màámi. Ẹni tó bá wù ú lè mú un."
Èló ni wọ́n ń san?
"Wọn kì í san nǹkan kan."
Ẹni tó bá mú un, ṣé ó ń dá a padà? Ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n ń ja ọmọ mi lólè, ó jókòó, ó ń wò wọ́n.

Alàmísì, 9
Aneesah, ìyàwó rẹ̀, ní òun fọwọ́ sí i. Òun náà.

Sọ́ńdè, 12
Àsàlátù. Mo gbé bisikíìtì lọ, mo ní kí wọ́n bá mi tọrọ: gbogbo ẹni tó ń kó iṣẹ́ ọmọ mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ wọn má tó o mọ́. Alhaja Haleemah tó ń ṣáájú wa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àmí ọ̀hún le. Ọkàn mi balẹ̀.

Alàrùbá, 22
Mo dé ilé Muadh ní Sùúrùlérè. Kò fárùngbọ̀n. Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn ti ń fi nǹkan òun sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun gbé irú ẹ̀ jáde.
"Wọn ò tiẹ̀ bú mi mọ́, Màámi. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé pé ibí ò dáa, ọ̀hún ò dáa."
Mo ní ṣebí ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyà iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti tán. Ó wò mí.
"Ẹ rántí kànga tí Bàbá gbẹ́ sójúde ní Pápá Àjàó? Tẹ́nikẹ́ni ò bá wá pọn ńkọ́?"
Sàdákà járíyà ni bàbá wọn ń pè é, sàráà tí èrè rẹ̀ kì í tán. Òótọ́ ni — ọjọ́ táwọn aládùúgbò ò bá gbé kẹ́ẹ̀gì wá, kì í lè jẹun. Á ní kí n lọ wò ó bóyá omi ń rùn.
Láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yìn àsàlátù. Yéè, èmi.
Mi ò lè sọ fún un.

Sọ́ńdè, 26
Mo tètè dé àsàlátù. Mo ní kí wọ́n bá mi yí àdúà ọjọ́sí padà: kí wọ́n máa kó iṣẹ́ Muadh lọ, kí wọ́n pọ̀ sí i. Haleemah gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀.
"Ìyá Muadh, ṣé àwọn olè ọjọ́sí náà lẹ ń tọrọ fún?"
Mo ní àwọn náà ni.
"Ara yín yá ṣá?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàmí. Àmí náà ò le tó ti àkọ́kọ́. Mo ránṣẹ́ lọ ra bisikíìtì sí i.

Jímọ̀, 31
Wáyà-Wáyà pè, ohùn ẹ̀ já gaara. Ẹnì kan ní Ìlọrin mú ètò rẹ̀ lánàá, ó sì ti kọ̀wé láàárọ̀ yìí, ó bú u dáadáa pé ibì kan ò ṣiṣẹ́. Ó ń tún un ṣe lọ́wọ́, kò ráyè bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́.
Mi ò béèrè èló lẹni náà san.