Iṣẹ́ àárọ̀ tí mò ń fi pamọ́ fẹ́ lé abiyamọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́

Mo ń tan àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin èèyàn ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, ọ̀rọ̀ náà ti wá kan ẹlòmíràn.

Ẹdẹ ni mò ń gbé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mò ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ti kọjá ogójì ọdún kí n tó wọ Poly, ìyàwó mi ló tì mí wọ̀ ọ́. Ó rí mi gba ìwé ẹ̀rí, ó rí mi wọ iṣẹ́ software, ó sì kú. Ọdún kẹta rèé. Àwa mẹ́fà la wà lọ́fíìsì, ọ̀gá wa gan-an kò ju àkọ́bí mi lọ. Daddy ni gbogbo wọn ń pè mí.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. A ó kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí káàdì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń ṣe é, sprint là ń pè é. Iye káàdì tí a bá parí la fi ń mọ iye iṣẹ́ tí a ó gbà fún ọ̀sẹ̀ méjì tó kàn. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ lọ sílé, pé ìrìn tí a lè rìn dópin ọdún ni kí a máa rìn. Ó ní ẹni tó sáré lónìí tí kò lè dìde lọ́la, kí ló sáré fún?

Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yá. Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń fi wákàtí kan ṣe, wákàtí méjì ni tèmi, ojú sì ń tì mí. Ilé náà tún dákẹ́ jù... tí mo bá kírun àárọ̀ tán, kò sí ẹni tí n ó kí, kò sí ẹni tó máa bi mí pé kí ni n ó jẹ, ni mo bá ń ṣí laptop ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́jọ, ojoojúmọ́, Sátidé, Sọ́ńdè. Níbẹ̀rẹ̀, kí n lè bá wọn dọ́gba ni. Nígbà tó yá, mo kọjá wọn. Tí mo bá dé ọ́fíìsì, n ó jókòó bí ẹni pé mò ń ṣe ohun tí mo ti parí nílé. Wọ́n á ní, Daddy, ṣé ẹ ò ti so oògùn mọ́ kọ̀ǹpútà yín báyìí? Inú mi ń dùn, kí n má parọ́.

N kò rò ó pé iye káàdì yẹn ń gòkè. Káàdì méjìlá di mẹ́rìndínlógún, ó di ogún, ọ̀gá sì ti fi ogún ṣe àdéhùn fún oníbàárà. Sekona ni bàbá mi ti dáko. Tí wọ́n bá ń ṣe àáró, alágbára kì í kọ ebè síwájú kí àwọn yòókù máa lé e, wọ́n á ní ó fẹ́ pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sóko. Mo mọ èyí láti kékeré. Mo sì ṣe é.

Ẹni tí mò ń pa ni ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, Bísí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bísí ṣubú níwájú pátákó, wọ́n ní ooru ni. Ooru wo? Kò sùn, kò jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ọ̀gá ti sọ pé tí kò bá bá wa dọ́gba ní sprint yìí, kó máa lọ. Ó ní bí Daddy bá lè ṣe é, kí ni àwáwí tirẹ̀?

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á rí i pé èmi gan-an ni n kò lè bá wọn rìn. Ta ló tún máa gba irú mi síṣẹ́? Kí ni n ó máa jí ṣe láàárọ̀? Tí mo bá dákẹ́, Bísí ló máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọlé lọ bá ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bèèrè ohun mìíràn. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní í ṣí laptop yẹn mọ́... mo jókòó, mo ń wo àga ìyàwó mi, mo ṣí i.

Lánàá, ọ̀gá ní kí n jókòó ti Bísí láti Mọ́ńdè, kí n kọ́ ọ bí mo ṣe ń yára. Bísí kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní Daddy, ẹ ṣé o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi sú yín, mo máa tètè mọ̀ ọ́n. Mo ní kò sí wàhálà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ni kí n kọ́ ọmọ yìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè?