Títì Tó Wà Láàárín Èmi àti Verna

Màámi,

Kí ni Verna fi sàn jù mí lọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ilé oúnjẹ kan náà la ti jọ ń dáná, owó iṣẹ́ wa dọ́gba. Ṣùgbọ́n òun ń gbé lápá ìpínlẹ̀ Arkansas, èmi lápá ìpínlẹ̀ Texas. Títì kan péré, tó jẹ́ ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì, ló wà láàárín wa. Ìjọba tọ̀hún fún un ní adójútòfò ìlera olówó pọ́ọ́kú. Tiwa ní kò sí fún irú mi.

Lánàá, ó fi ojú àpá ibi tí wọ́n ti yọ kókó inú ọmú rẹ̀ hàn mí.

"Odessa olóríkunkun, títì lásán ni o ò lè sọdá!"

Mo ní, "Ta ni yóò máa ṣọ́ ilé tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Àpá ni mò ń jowú, Màámi.

Kókó tèmi kéré, kò dùn mí púpọ̀. Ẹ kí Bàbá, ẹ ní ara mi le. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.

Odessa yín