Ilé Gíláàsì Alága

Ṣọ́ọ̀bù Gíláàsì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́ oúnjẹ sísè nínú ọkọ̀ ojú omi, báwo ni ẹ̀fúùfù ibẹ̀? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní èbúté lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ara tèmi le, àfi ọ̀rọ̀ kan tó há mi lọ́fun láti bí oṣù mẹ́ta. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí ohùn mi á tú mi fó.

Jókòó kí o tó kà á. Alága, ìjàpá rẹ, ń ṣàìsàn. Lẹ́tà méjì tí mo kọ sí ọ gbẹ̀yìn, tí mo ní ìjàpá rẹ sanra, pé ó ń jẹun, pé ó ń wò mí bí alága ìpàdé tó fẹ́ lé ènìyàn jáde, irọ́ ni mo pa. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo sì jókòó, mo ń parọ́ fún ọmọ tí mo bí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o wọlé, mi ò fẹ́ kí ojú rẹ rí i kí etí rẹ tó gbọ́.

Nígbà tí o ń lọ lésìí, ìjàpá náà kò ju ẹnu ife tíì lọ. O gbé e lé mi lọ́wọ́, o ní, "Bàbá, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè fi í sílẹ̀ fún. Ẹ máa gbé e sí oòrùn láràárọ̀. Ẹ máa fún un ní ewé, kí ẹ sì bu ìyẹ̀fun funfun inú ike yìí lé e." Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ológbò àwọn alájọgbé wa ń bà mí. Kí ni èmi onígíláàsì wá ṣe? Mo gé gíláàsì tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi kọ́ ilé fún un, òkè àti ẹ̀gbẹ́, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn oníbàárà ń yà wò ó. Mo ń yangàn, ọmọ mi.

Ní ti oúnjẹ, kùkúńbà ló fẹ́ràn, òun ni mo ń fún un, àti búrẹ́dì tí mo bá rì sómi. Ìyẹ̀fun yẹn tán lóṣù kejì. Mo rò pé adùn lásán ni, bí ìgbà tí ènìyàn bu ṣúgà sí tíì, mi ò sì ra òmíràn.

Ìyá aránṣọ tó múlé gbè mí ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, Alága mà ń wọ́ ikùn nílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó tún ń gbọ̀n." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé eré ìje ló fẹ́ lọ sá ni? Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó fi àtàǹpàkò tẹ igbá ẹ̀yìn Alága jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní kí n wá tẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá rọ̀ bí ìdérí ike!

Ṣé mo gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà? Rárá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń tan ara mi pé yóò le padà. Lọ́jọ́ kejìlá, ó na ọrùn sí kùkúńbà, ó yanu, àgbọ̀n rẹ̀ ò lè gé e. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fa orí wọlé. Mi ò rántí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo fi gbé e jáde.

Dókítà ẹran, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ya fọ́tò egungun rẹ̀. Egungun tó yẹ kó hàn funfun ṣe fírífírí bí èéfín, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sì ti dá, bẹ́ẹ̀ kò ṣubú rí. Ó béèrè bóyá Alága ń rí oòrùn. Mo ní láti àárọ̀ di ọ̀sán! Mo ṣàlàyé ilé gíláàsì mi, mo tilẹ̀ sọ bó ṣe nípọn tó. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Bàbá, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń kọjá nínú gíláàsì. Èyí tí ìjàpá fi ń mú egungun le nínú oòrùn, gíláàsì ló ń dá a dúró síta." Ogójì ọdún ni mo ti ń gé gíláàsì, ọmọ mi. Lóòótọ́, ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó ní ìyẹ̀fun tí mo pè ní adùn, kálísíọ̀mù ni, òun ni sìmẹ́ǹtì egungun. Kùkúńbà, omi lásán ni, búrẹ́dì kì í tilẹ̀ ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ náà, ó fún wa lóògùn, ó ní, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ kẹjọ. Bí àgbọ̀n yẹn bá le, yóò yè. Bí kò bá le, ẹ jẹ́ kí n fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ, kó má bàa máa jìyà." Ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé lọ́la.

Láràárọ̀ ni mò ń gbé e sí àgbàlá, láìsí gíláàsì kankan, mo fi pákó ṣe ibòji sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá nítorí ológbò. Ewé tútù ni mò ń já fún un, mò ń lọ̀ ọ́, mò ń bu ìyẹ̀fun sí i. Títí di òní, gbígbé mì ló ń gbé e mì. Mi ò tíì rí i kó gé nǹkan kan. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti yọ gọ́ńgọ́-gọ́ńgọ́, kò ní tẹ́jú mọ́ láé. Ọ̀rẹ́ rẹ inú ọkọ̀ tí o ní ó fẹ́ ra ìjàpá, ka ìwé yìí sí i létí. Bí tirẹ̀ bá ń wọ́ ikùn tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó má dúró di ọjọ́ kejìlá.

Mo tọrọ àforíjì. Bí Alága bá kú lọ́la, o lè sunkún, o sì lè bínú sí mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí o má tún fi ohunkóhun sílẹ̀ fún mi mọ́.

Omi tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀ wálé láìfarapa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ohun tí o bá fi síkàáwọ́ ènìyàn, o ó bá a láàyè.

Èmi ni bàbá rẹ tó jẹ̀bi, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Onígíláàsì.

Àfikún: Ọjọ́ Ajé nìyí, a ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ó tẹ àgbọ̀n Alága, ó ní kí n fi odidi ewé sí i lẹ́nu. Mi ò tètè yọ ìka. Alága gé ewé, ó gé ìka mi mọ́ ọn. Dókítà ń wá òwú kiri, èmi ń sunkún, mò ń dúpẹ́. Má bẹ̀rù àbààwọ́n tó wà létí ìwé yìí. Ẹ̀jẹ̀ mi ni.