Kọnkéré Yí Ilé Bàbá Ká

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Àgbàrá ọdún tó kọjá ti gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé Bàbá débi pé mo ń rí òkúta ìpìlẹ̀. Òjò míì bẹ́ẹ̀, a ó wá ilé náà tì. Bàbá ní àwọn ò kúrò. Yàrá tí ìyá mi kú sí ni àwọn náà máa wà. Orí kunkun! Ó dáa, a ó da kọnkéré yí i ká kí òjò tó dé. Téèpù ìránṣọ mi ni mo fi wọn ilé. Bíríkìlà fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ilé kì í ṣe ṣòkòtò. Mo-ti-wí ni mo sọ ọ́ — kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí kò ní sọ pé òun ti wí.

Ọjọ́rú, 5
Mo-ti-wí kan èèkàn, ó ta okùn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní fífẹ̀, kó dà gẹ̀rẹ́ síta, kí omi má baà padà sára ògiri.
Ojú Bàbá ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń yí ilé ká, ọwọ́ lára ògiri, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀. Ogún fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rin géérégé. Àwọn àti ìyá mi ni wọ́n jọ máa ń kà á tẹ́lẹ̀. Lónìí wọ́n ní ó di mẹ́tàlélọ́gọ́rin, pé ilé ń dàgbà. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ arúgbó ló ń kúrú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Àádọ́rùn-ún. Mo fi téèpù tún ilé wọ̀n. Kò yí padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ọgọ́rùn-ún. Bóyá ọpọlọ Bàbá ló ń dàrú. Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Mo di ojú lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́wọ́ lé ògiri, mo ń lọ. Igun kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Ó yẹ kí ọwọ́ mi kan ilẹ̀kùn. Ògiri ni mo kàn — ó tutù, kò ní fèrèsé — lẹ́yìn náà, igun karùn-ún. Mo lajú. Iwájú ilé, ọ̀sán gangan, igun mẹ́rin péré. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo bi Bàbá nípa ẹ̀gbẹ́ karùn-ún. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ibẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ìpara ìyá mi, ẹnì kan sì máa ń bá àwọn kà á níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yéé lọ.
“Ṣé kí n fi í sílẹ̀ lóun nìkan ni?”


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
A da kọnkéré náà lónìí. Mo ní kí Mo-ti-wí dà á yípo pátá, kó má ṣe ku yẹ̀pẹ̀ kankan lẹ́bàá ògiri. Ohun yòówù tó wà níbẹ̀, a ti dí i. Bàbá ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Ajé, 17
Bàbá ò jẹun. Wọ́n ń ka nǹkan lábẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Kọnkéré ti gbẹ. Mo-ti-wí da garawa omi kan sí i, omi ṣàn síta. Ó ti wí! Bàbá yí ilé ká, inú wọn dùn bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n wọlé, ẹrẹ̀ pupa wà ní bàtà wọn. Òjò ò tíì rọ̀, orí kọnkéré nìkan ni wọ́n sì gbà. Mo nu bàtà náà.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mo ń gbọ́ bàtà Bàbá — kọ́, kọ́, kọ́ — lórí kọnkéré. Ogún. Ogójì. Ọgọ́ta. Nígbà tí wọ́n ka ọgọ́rin, ó yẹ kí n rí wọn níwájú mi. Mi ò rí wọn. Ohùn wọn ń lọ: mọ́kànlélọ́gọ́rin, méjìlélọ́gọ́rin. Ohùn obìnrin ń bá wọn kà á. Bàtà ò dún kọ́-kọ́ mọ́. Yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n ka ọgọ́rùn-ún, ilé dákẹ́.
Mo ti yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ojú mi là sílẹ̀. Wọn ò sí níbì kankan. Mo-ti-wí ti dé, ó ń wo kọnkéré rẹ̀. Kò sọ pé òun ti wí.
Mo fẹ́ gbé bírò sílẹ̀. Màá di ojú, màá gbọ́wọ́ lé ògiri, màá bẹ̀rẹ̀ láti ení.